Súìtì látinú ọpẹ́rà Rọ́ṣíà tí kò lókìkí: ọ̀nà mẹ́rin, ká fi wọ́n wéra kẹ́ ẹ tó yàn

Ẹ ṣí ìwé olùdarí ọpẹ́rà náà, ẹ fi pépà bo ìlà àwọn akọrin, kẹ́ ẹ wá wo ohun tó ṣẹ́ kù lójú ewé. Bí orin bá ṣì wà níbẹ̀, tí fáyólíìnì ń sọ̀rọ̀ tí fèrè ń dá a lóhùn, ọpẹ́rà yẹn máa di súìtì láìsí wàhálà púpọ̀. Bó bá jẹ́ kọ́ọ̀dù gígùn àti okùn tó ń gbọ̀n lásán lẹ rí, ohùn èèyàn ló ru ẹrù náà látòkè délẹ̀, ẹ ó sì ní láti wá ẹlòmíì tó máa rù ú. Inú ìdánwò kékeré yìí ni ẹ ti máa mọ èyí tẹ́ ẹ máa yàn nínú ọ̀nà mẹ́rin tá a fẹ́ gbé yẹ̀ wò.

Súìtì tá à ń wí ni àkójọ orin ọ́kẹ́sítírà, abala mẹ́ta sí mẹ́jọ lọ́pọ̀ ìgbà, tí wọ́n fà yọ látinú iṣẹ́ ńlá kan kí ẹgbẹ́ olórin lè fi ṣeré láìsí ìtàgé, láìsí aṣọ eré. Ó gbilẹ̀ gan-an ní Rọ́ṣíà, torí ọpẹ́rà ń jẹ owó, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n sì gbé sápá kan lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Nígbà mìíràn súìtì ló tiẹ̀ máa ń ṣáájú. Nos tí Shostakovich kọ, ìyẹn “Imú”, Moscow ti gbọ́ súìtì rẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1928, kí ọpẹ́rà fúnra rẹ̀ tó dé orí ìtàgé ní Leningrad ní oṣù kìíní ọdún 1930. Shostakovich fi akọrin ọkùnrin méjì sílẹ̀ nínú súìtì náà, kò yọ ohùn kúrò pátápátá. Bẹ́ ẹ bá ní akọrin tó mọ èdè Rọ́ṣíà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò ní la ń bá sọ̀rọ̀ níbí.

| Ọ̀nà | Ọpẹ́rà tó bá a mu | Ohun tẹ́ ẹ máa fọwọ́ ara yín kọ | Ibi tó ti ń bàjẹ́ |
|---|---|---|---|
| Yíyọ odindi orin | èyí tó ní ijó, ìwọ́de, orin ìṣíde | ìparí orin, nígbà mìíràn | ó ń dà bí àkójọ ijó lásán |
| Síso pọ̀ láìdúró | èyí tí ìran rẹ̀ ń yí padà láìsí ọ̀rọ̀ púpọ̀ | oríkèé tó so wọ́n | kíì (ohùn tí orin fi ṣe ilé) àti ìyára kò bára mu |
| Fífi èlò rọ́pò ohùn | èyí tí orin adákọ rẹ̀ lẹ́wà | gbogbo ìlà akọrin | nóòtì àtúnlù. Ìlà náà rì sómi |
| Àwòrán èèyàn | èyí tí kò ní orin tó dá dúró | gbogbo ètò náà | ẹ̀wù alákìísà |

Yíyọ odindi orin

Èyí ló rọrùn jù. Ẹ wo Mlada tí Rimsky-Korsakov kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní gbọ̀ngàn ọpẹ́rà Mariinsky, ní St. Petersburg, lọ́dún 1892. Ọpẹ́rà àti ijó ni ó pa pọ̀. Mlada alára ti kú kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, òjìji rẹ̀ ló ń jó, kò kọ ẹyọ orin kan. Ibi tí ijó bá ti pọ̀ tó báyìí, súìtì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Abala márùn-ún ni Rimsky-Korsakov mú: orin ìṣíde, ijó redowa, ijó àwọn ará Lithuania, ijó àwọn ará Íńdíà, àti ìwọ́de àwọn ọlọ́lá láti Apá Kejì. Ìwọ́de yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nínú gbogbo Mlada lónìí. Pan Voyevoda rẹ̀ (1904) náà rí bákan náà. Ilẹ̀ Poland ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, súìtì rẹ̀ sì jẹ́ orin ìṣíde, krakowiak, orin òru lábẹ́ òṣùpá, mazurka, àti polonaise.

Ká fi méjèèjì wéra: Mlada ní àwọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń béèrè ọ́kẹ́sítírà ńlá, Pan Voyevoda rọrùn láti kó jọ, àmọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún jẹ́ ijó Poland, ẹni tó bá gbọ́ ọ láìmọ̀ ìtàn náà á rò pé ijó ni wọ́n kọ ọ́ fún. Àléébù ọ̀nà yìí nìyẹn. Ohun tó rọrùn láti gé ni ijó, ohun tó sì jẹ́ ọkàn ọpẹ́rà náà kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ́ ijó.

Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ ṣe súìtì tuntun fúnra yín, Aleko ti Rachmaninoff ló dáa jù láti fi kọ́ṣẹ́, lójú tiwa. Ìdánwò àṣekágbá ló fi ṣe ní ilé ẹ̀kọ́ orin ti Moscow lọ́dún 1892, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 19. Gbọ̀ngàn ọpẹ́rà Bolshoi ní Moscow ṣe é lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Kò ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ. Orin mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ní nọ́ńbà, gbogbo wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí tó hàn, mẹ́rin nínú wọn sì jẹ́ ti ọ́kẹ́sítírà nìkan: nọ́ńbà 1 (orin ìṣíde), 5 (ijó àwọn obìnrin), 6 (ijó àwọn ọkùnrin) àti 11 (orin àárín eré). Ẹ̀yin ò ní kọ nóòtì kan kún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó ogún ìṣẹ́jú.

Ètò wo lẹ máa tò wọ́n sí? Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ lé ọpẹ́rà gẹ́lẹ́, ijó méjì á tẹ̀ léra, orin àárín eré ni yóò sì kẹ́yìn. Orin jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ilẹ̀ tó ń mọ́ ló ń ṣàpèjúwe. Àwọn èèyàn inú gbọ̀ngàn kò ní mọ̀ bóyá ó ti parí. Ẹ tò ó báyìí: 1, 5, 11, 6. Ijó àwọn obìnrin, tó ń lọ ní ìlù mẹ́ta-mẹ́ta, á tẹ̀ lé orin ìṣíde. Orin òwúrọ̀ á mú ara balẹ̀. Ijó àwọn ọkùnrin á fi agbára parí. Kò sẹ́ni tó ní dandan ni kí súìtì tẹ̀ lé ìtàn.

Síbẹ̀, Aleko fúnra rẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Ọkùnrin tó sá kúrò láwùjọ tirẹ̀ lọ bá àwọn Gypsy gbé, tó pa obìnrin tó fẹ́ràn àti olólùfẹ́ rẹ̀, a kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rárá. Orin rẹ̀ wà ní nọ́ńbà 10. Láti mú un wọlé, ọ̀nà kẹta lẹ máa gbà, a ó sì dé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìparí orin ṣì kù. Nínú ọ̀pọ̀ ọpẹ́rà, orin kì í parí, ńṣe ló máa ń ṣíwọ́ lọ sínú ìran tó kàn. Ẹ má jókòó kọ báà (ìpín kékeré tí wọ́n fi ń ka orin) mẹ́jọ tuntun síbẹ̀ kíákíá. Ẹ kọ́kọ́ wá inú ọpẹ́rà yẹn kan náà bóyá olùkọ̀wé orin ti kọ ìparí kan ní kíì kan náà níbòmíràn. Báà mẹ́rin tó yá láti Apá Kẹrin dára ju ogún báà tí ẹ fi ìmọ̀ yín kọ lọ, torí àwọ̀ rẹ̀ á bá ti tẹ́lẹ̀ mu. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kọ́ọ̀dù ńlá kan lójijì pẹ̀lú gbogbo àwọn onífèrè idẹ, tó ń dún bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá dé.

Síso pọ̀ láìdúró

Ọpẹ́rà Rimsky-Korsakov mìíràn, Noch pered Rozhdestvom, ìyẹn “Òru ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì” (1895), ni àpẹẹrẹ tó dáa jù. Gogol ló ni ìtàn rẹ̀: Vakula alágbẹ̀dẹ gun èṣù bí ẹṣin lójú ọ̀run láti lọ gba bàtà ọbabìnrin fún ọmọge tó ń fẹ́. Nínú súìtì, òru yìnyín, ijó àwọn ìràwọ̀, àwọn àjẹ́ tó ń lépa Vakula, polonaise ní ààfin, gbogbo rẹ̀ ń wọ inú ara wọn. Akọrin wà nínú ìwé náà fún ẹni tó bá ní. Ẹgbẹ́ tí kò ní lè ṣe é láìsí wọn. Ìrìnàjò ló mú kí ọ̀nà yìí ṣiṣẹ́: etí ń bá nǹkan kan lọ láti ibì kan dé ibòmíràn. Níbi tí ọpẹ́rà kò bá ti ní irú ìrìn bẹ́ẹ̀, síso pọ̀ kò ní jẹ́ nǹkan kan ju àìsinmi lọ.

Oríkèé ni gbogbo iṣẹ́ ibẹ̀. Ká ní abala kan parí ní E fláàtì, tí èyí tó kàn bẹ̀rẹ̀ ní E. Bẹ́ ẹ bá lẹ̀ wọ́n mọ́ra bẹ́ẹ̀, etí á ta. Ẹ yọ gbogbo èlò kúrò lórí kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́, kó ku họ́ọ̀nù kan tó di E fláàtì mú fún báà méjì. Ní báà kejì, ẹ tún nóòtì yẹn kọ bíi D ṣáàpù. Ohùn kan náà ni, ṣùgbọ́n ó ti di nóòtì tó ń fà sókè sí E báyìí, ẹnu-ọ̀nà sì ti ṣí. Nóòtì tí kíì méjèèjì jọ ní lẹ máa kọ́kọ́ wá nígbà gbogbo. Bí kò bá sí, ìlù tímpánì tó ń rọra kú lọ ló kàn. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó ronú kíkọ báà tuntun.

Ìyára náà ní oríkèé tirẹ̀. Bí abala kan bá ń lọ ní ìlù 120 ní ìṣẹ́jú kan, tí èyí tó kàn sì jẹ́ 6/8 tí ìlù ńlá rẹ̀ jẹ́ 60, olùdarí á lu ìlù kan níbi tó ti ń lu méjì tẹ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣìnà. Bó bá jẹ́ láti 120 sí 84 ni, ẹ fi ìdádúró kúkúrú sí i, ẹ má fi ìṣirò da ẹgbẹ́ láàmú.

Bẹ́ ẹ kò bá fẹ́ kọ oríkèé rárá, ẹ wo ọgbọ́n inú súìtì Tsar Saltan, ọpẹ́rà Rimsky-Korsakov mìíràn. Abala mẹ́ta ló ní, ìpè tọ́ńpẹ́ẹ̀tì kan náà ló sì ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí agogo akéde tó ń lù kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ìpè kan yẹn ló so wọ́n, láìjẹ́ pé abala kan kan mọ́ èkejì. (“Ìfò kòkòrò oyin” tí gbogbo ayé mọ̀ látinú ọpẹ́rà yẹn kò sí nínú súìtì náà, ẹ má wá a.)

Fífi èlò rọ́pò ohùn

Stokowski, olùdarí ọ́kẹ́sítírà, ṣe irú rẹ̀ fún ọpẹ́rà Boris Godunov ti Mussorgsky lọ́dún 1936. Rimsky-Korsakov náà ti ṣe é ṣáájú fún ara rẹ̀: ó sọ Apá Kẹta Mlada di odindi orin ọ́kẹ́sítírà, òru lórí òkè Triglav, láìsí akọrin kankan nínú rẹ̀. Ọ̀nà yìí ló ń mú ọkàn ọpẹ́rà wọlé. Òun náà ló ń dójú ti ni jù.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni sílébù. Ẹ padà sí nọ́ńbà 10 nínú Aleko. Ìlà tó fi bẹ̀rẹ̀ ni “Ves tabor spit, luna nad nim”: gbogbo àgọ́ ti sùn, òṣùpá wà lókè rẹ̀. Sílébù mẹ́jọ nìyẹn. Nínú irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ohùn sọ báyìí, akọrin sábà máa ń tún nóòtì kan tàbí méjì pè léraléra, ohun tó sì mú un dùn ni kọ́ńsónáǹtì àti ìtumọ̀. Gángan lè tún ohùn kan lù nígbà mẹ́rin kí èèyàn sì gbọ́ ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ṣẹ́lò ò gbédè. Bó bá tún nóòtì kan ta nígbà mẹ́fà, ẹni tó ń kanlẹ̀kùn la ó gbọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa tún un ṣe rè é. Ẹ ka ìlà náà sókè ní èdè Rọ́ṣíà, kẹ́ ẹ sì sàmì sí sílébù tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀. Níbí, ó jẹ́ “Ves”, “ta”, “spit”, “na” àti “nim”. Sílébù tí wọn ò tẹ̀, ẹ so nóòtì rẹ̀ mọ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ bí ohùn wọn bá jẹ́ ọ̀kan náà. Nóòtì mẹ́jọ á di márùn-ún. Bí ohùn bá yí padà, ẹ fi silọ̀ọ̀ sí i, ìyẹn ìlà títẹ̀ tó ń sọ pé kí wọ́n ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àyípadà orin dúró, kíkàn ilẹ̀kùn lọ.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ta ló máa gba ohùn wo. Ohùn bárítóònù bọ́ sí ọwọ́ ṣẹ́lò dáadáa, pàápàá lórí okùn A àti D. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣókùnkùn, ẹ fi bàsúùnù kan tẹ̀ lé e ní ohùn kan náà. Báàsì dára fún kilarinẹ́ẹ̀tì báàsì tàbí tìròmbóònù tó ń fun jẹ́ẹ́jẹ́. Tẹ́nọ̀ ṣòro díẹ̀: nínú ìwé orin, wọ́n kọ ọ́ sókè ju bó ṣe ń dún lọ ní ọ́kítéfù kan (ìgbésẹ̀ mẹ́jọ), àwọn tó ń gbàgbé èyí sì pọ̀ débi pé fúlúùtù ló ń gba orin ọkùnrin. Họ́ọ̀nù ló yẹ ẹ́, tàbí ṣẹ́lò lókè. Ṣùgbọ́n họ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ mí, torí náà ẹ pín ìlà gígùn láàárín họ́ọ̀nù kìíní àti ìkẹta. Sopúránò ń lọ sí óbò tàbí fáyólíìnì kan ṣoṣo. Ohùn obìnrin tó wà nísàlẹ̀ ń lọ sí fíólà, kilarinẹ́ẹ̀tì tàbí cor anglais (óbò ohùn ìsàlẹ̀). Ẹ má fi tọ́ńpẹ́ẹ̀tì sí orin ìfẹ́ àyàfi bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ìwọ̀n ariwo. Olùkọ̀wé orin kọ àwọn olókùn sábẹ́ ohùn èèyàn, ohùn èèyàn sì máa ń la ọ̀pọ̀ okùn kọjá láìṣe wàhálà. Óbò kan kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí fáyólíìnì kejì àti fíólà bá ń gbọ̀n ní àgbègbè kan náà tí óbò ti ń kọ, ẹ̀yin nìkan lẹ máa mọ̀ pé orin wà níbẹ̀. Ẹ sọ àwọn tó ń gbọ̀n kalẹ̀ ní ọ́kítéfù kan, tàbí kí ìlàjì wọn dákẹ́. Fífi “pianissimo” (jẹ́ẹ́jẹ́ gan-an) sí i lásán kì í tó.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fi èlò kankan rọ́pò ohùn, ẹ wò ó bóyá ọ́kẹ́sítírà ti ń kọ orin náà pẹ̀lú akọrin tẹ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ pé kilarinẹ́ẹ̀tì ti ń tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ yọ ohùn, ẹ sọ kilarinẹ́ẹ̀tì di “solo”, ó parí. Ìwé olùdarí nìkan ló lè fi èyí hàn yín. Ìwé akọrin tó ní dùùrù lábẹ́ wúlò fún yíyan ibi tẹ́ ẹ fẹ́, kò wúlò fún iṣẹ́ gan-an: ẹni tó kó ọ́kẹ́sítírà sínú ìka mẹ́wàá ti ju ohun púpọ̀ nù.

Àwòrán èèyàn

Igrok tí Prokofiev kọ látinú ìtàn Dostoevsky nípa àwọn atatẹ́tẹ́ kò ní orin adákọ, kò ní ijó tẹ́ ẹ lè fà yọ. Ọ̀rọ̀ tó ń tú jáde láìdúró ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Brussels ló kọ́kọ́ ṣe é, lọ́dún 1929. Nígbà tó fẹ́ fi ṣe súìtì (op. 49, ìyẹn nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀, 1931), kò gé e bí ẹran. Ó kó gbogbo orin tó jẹ́ ti ẹnì kan jọ láti ibi gbogbo nínú ọpẹ́rà, ó sì fi ya àwòrán onítọ̀hún: Alexei, ìyá àgbà, ọ̀gágun, Polina, abala karùn-ún ni ìparí ìtàn. Ọ̀nà yìí ló gba ọgbọ́n jù, òun nìkan ló sì wà fún irú ọpẹ́rà bẹ́ẹ̀.

Káàdì lẹ máa fi ṣe é. Nígbàkígbà tí orin ẹnì kan bá yọjú, ẹ kọ ọ́ sí káàdì kan: apá, ojú ewé, kíì, ìyára, iye báà, èlò tó gbé e. Ẹ tò wọ́n sórí tábìlì láti èyí tó rọrùn jù dé èyí tó le jù, láìwo ètò ìtàn. Níbi méjì tí kíì wọn bára mu, ẹ so wọ́n. Bí káàdì ẹnì kan kò bá tó mẹ́fà, kò ní àwòrán. Ẹ fi í sínú ti ẹlòmíràn. Ohun tó ń sọ ọ́ di ẹ̀wù alákìísà ni kí kíì máa yí ní gbogbo báà mẹ́jọ. Ẹ yan kíì kan gẹ́gẹ́ bí ilé fún àwòrán kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ sì gbé àwọn káàdì tó jìnnà wá sílé. Prokofiev ni tirẹ̀ kò bẹ̀rù láti tún orin ara rẹ̀ kọ. Pẹ̀lú “Áńgẹ́lì oníná” rẹ̀, ó tiẹ̀ sọ orin ọpẹ́rà di Símfónì Kẹta (1928), Pierre Monteux sì darí rẹ̀ ní Paris lọ́dún 1929. Prokofiev kú ní 1953 láìrí ọpẹ́rà náà lórí ìtàgé. Venice ló gbé e síbẹ̀, ní 1955.

Ọpẹ́rà kan wà tá a máa ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ pátápátá: Kamenny gost, ìyẹn “Àlejò olókùúta”, ti Dargomyzhsky, tí Cui parí, tí Rimsky-Korsakov sì to ọ́kẹ́sítírà rẹ̀, 1872. Ọ̀rọ̀ Pushkin ló gbé sórí ohùn láìyí i padà tó bẹ́ẹ̀. Yàtọ̀ sí orin méjì tí Laura kọ, ẹ bo ìlà akọrin, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí gígé ti ń pa èèyàn lára

Ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ yàn, ẹ ó gé báà. Kì í ṣe orin tẹ́ ẹ gé ló léwu, bí kò ṣe àṣẹ tó wà nínú báà tó lọ. Ká ní ẹ fò láti báà 40 sí 112. Ní báà 36, wọ́n ní kí àwọn fáyólíìnì fi ìdíhùn sórí okùn. Ní báà 96, wọ́n ní kí wọ́n yọ ọ́. Báà 96 ti lọ. Nígbà tó bá di 112, tí gbogbo ẹgbẹ́ ń ké, àwọn fáyólíìnì á máa kùn bí oyin inú ìgò, kò sì sẹ́ni tó máa mọ ìdí rẹ̀ ní ìdánrawò àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kilarinẹ́ẹ̀tì tó ti yí láti B fláàtì sí A nínú báà tó lọ: gbogbo nóòtì rẹ̀ á fi ìdajì ohùn ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni tímpánì tó yẹ kó ti tún ohùn rẹ̀ ṣe, àti àwọn olókùn tó ṣì ń fi ìka já okùn nígbà tó yẹ kí wọ́n ti gbé ọrun. Ní báà àkọ́kọ́ lẹ́yìn gbogbo ibi tẹ́ ẹ gé, ẹ tún gbogbo àṣẹ kọ fún èlò kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n ariwo náà pẹ̀lú.

Ìwé àtijọ́ ní pańpẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá kọ họ́ọ̀nù F sínú kíléfù báàsì (àmì ohùn ìsàlẹ̀), àṣà ìgbà yẹn ni kí ó dún sókè ju bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin; lónìí, sísàlẹ̀ ní márùn-ún ló ń dún. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà bó ṣe wà, họ́ọ̀nù á fi ọ́kítéfù kan jìn sísàlẹ̀, kọ́ọ̀dù á sì ṣú.

Fún Mlada, ẹ ka èlò kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Rimsky-Korsakov gbọ́ àwọn ọpẹ́rà Ring ti Wagner nígbà tí ẹgbẹ́ ọpẹ́rà Neumann gbé e wá sí St. Petersburg lọ́dún 1889, ó sì fẹ ọ́kẹ́sítírà tirẹ̀ lójú. Fúlúùtù áltò ní G àti tọ́ńpẹ́ẹ̀tì áltò ní F wà nínú ọpẹ́rà náà. Tọ́ńpẹ́ẹ̀tì B fláàtì lè gba púpọ̀ nínú orin tọ́ńpẹ́ẹ̀tì áltò, ṣùgbọ́n nóòtì tó bá ti wà lábẹ́ E ìsàlẹ̀ C àárín, ẹ gbé e fún tìròmbóònù. Fúlúùtù áltò, kilarinẹ́ẹ̀tì ló lè rọ́pò rẹ̀ nísàlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ á yí. Háàpù tí kò sí, dùùrù ni kẹ́ ẹ fún. Ẹ má pín in fáwọn olókùn láti fi ìka já, torí fífi ìka ha okùn látòkè délẹ̀ bíi ti háàpù kò ṣeé ṣe fún wọn.

Àkókò àti páàtì

Ẹ má méfò lórí gígùn. Báà 96 tó ní ìlù mẹ́rin-mẹ́rin jẹ́ ìlù 384. Ní ìyára 120, ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú-àáyá 12 nìyẹn. Ẹ ṣe é fún gbogbo abala, ẹ fi àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá lé e fún ìsinmi àárín wọn. Ìṣẹ́jú 18 sí 25 ló bá ìdajì ètò orin mu. Èyí tó bá ju ọgbọ̀n lọ láti ọpẹ́rà táwọn èèyàn ò mọ̀, ẹ tún un gé.

Fún ẹgbẹ́ tó ní onífèrè igi méjì-méjì, họ́ọ̀nù mẹ́rin, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tìròmbóònù mẹ́ta àti túbà kan, páàtì (ìwé ti olórin kọ̀ọ̀kan) 19 nìyẹn. Tímpánì, onílù méjì àti háàpù sọ ọ́ di 23. Àwọn olókùn ń wo ìwé ní méjì-méjì, torí náà 12, 10, 8, 6 àti 4 ń béèrè 6, 5, 4, 3 àti 2, ìyẹn 20. Páàtì 43 lápapọ̀. Ẹ fi lẹ́tà ìdánrawò kan náà sí gbogbo wọn, kí ìṣíwèé sì bọ́ síbi tí onítọ̀hún ti ní ìsinmi báà mẹ́rin, ó kéré tán. Fáyólíìnì kìíní ni ìṣíwèé rẹ̀ ń fa ìjà jù.

Ẹ̀tọ́ oníwèé

Ní Nàìjíríà àti ní Bìrìtìkó, 70 ọdún lẹ́yìn ikú olùkọ̀wé ni ẹ̀tọ́ ń dópin. Rimsky-Korsakov (tó kú ní 1908) àti Rachmaninoff (1943) ti di ti gbogbo ayé níbẹ̀. Prokofiev náà bọ́ sí i ní ọjọ́ kìíní ọdún 2024. Shostakovich kú ní 1975. Títí di òpin 2045, ìyọ̀ǹda lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan Nos. Amẹ́ríkà ní ìṣirò tirẹ̀: iṣẹ́ àtijọ́ irú èyí, 95 ọdún láti ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ni wọ́n ń kà, nítorí náà ohun tó wà lófẹ̀ẹ́ ní Èkó lè má rí bẹ́ẹ̀ ní Houston. Ẹni tó tún orin tò náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀: Mussorgsky kú ní 1881, àmọ́ Stokowski kú ní 1977, ẹ ò lè ṣàdàkọ Boris tirẹ̀. Bákan náà ni ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún tẹ̀ tí wọ́n sì tún ṣàtúnṣe sí, kódà bí orin inú rẹ̀ bá ti dàgbà. Ẹ ṣiṣẹ́ látinú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́: orúkọ olùkọ̀wé orin, orúkọ ọpẹ́rà, orúkọ ẹni tó tún un tò, nọ́ńbà àwọn orin tẹ́ ẹ mú, iye èlò, àti ìṣẹ́jú tó máa gbà.